Ẹ̀jẹ̀ Onígbàjámọ̀

Nígbà tí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀, ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, kó dín ṣúgà kù. Ìyá rẹ̀ kò bá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ìyá bẹ Fọ́tò, ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onígbàjámọ̀, pé kó fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Níbẹ̀, dókítà ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ìdí káfíńtà láti wo inú ìfun rẹ̀.

"Fọ́tò, ṣé ìwọ náà lè ya irú ìyẹn?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Àwọn oníbàárà tèmi máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kókó kéékèèké ló kún inú ìfun ńlá ọmọ náà. Jíìnì kan wà tó máa ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì ara lẹ́kun kí wọ́n má bàa pọ̀ jù. Méjì irú jíìnì yìí ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀kan ti bàjẹ́ lára káfíńtà láti inú oyún. Níbi tí ìkejì bá ti tún bàjẹ́, kókó á yọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á di jẹjẹrẹ.

"Ó sábà máa ń wá láti ìdílé," ni dókítà wí.

"Kì í ṣe ìdílé tèmi!" Onígbàjámọ̀ lu àyà. "Bàbá mi gbó kùjọ́kùjọ́. Ó ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, ìdí oúnjẹ ni ikú bá a. Ẹ lọ wo ìdílé ìyàwó mi."

Ìyàwó rẹ̀ ní kò burú, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Fọ́tò ní òun ń lọ wo mọ́tò níta.

Nígbà tí èsì dé, kò sí jíìnì tó bàjẹ́ lára ìyá, kò sí lára bàbá.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Onígbàjámọ̀ fò sókè. "Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ lóló!"

"Báwo ló ṣe wá dé ara tèmi?" ni káfíńtà béèrè.

Dókítà wo ìyá rẹ̀. Ìyá ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Nígbà mìíràn," ni dókítà wí jẹ́jẹ́, "ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n gé ìfun ńlá káfíńtà kúrò kí ọ̀rọ̀ tó di jẹjẹrẹ. Nígbà tó lajú, bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń kọjá pé, "Ẹ wò ó, akọni bíi tèmi!"

"Bàbá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín," ni káfíńtà bẹ̀ ẹ́. "Ojú abẹ ń dùn mí."

Lọ́jọ́ kejì, Fọ́tò nìkan wọ yàrá dókítà, ó ti ilẹ̀kùn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, ìyá ọmọ yẹn ló ní kí n tètè wá."