Àpáta Tí Bàálù Ń Gbà Kọjá

Láti ìparí oṣù kejì ọdún náà ni Ràmọ́nì ti ń gun àpáta ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lọ wo bàálù Olóyè Abọ́dúnrìn.

Àpáta náà wà lẹ́yìn Tẹ̀dé, létí oko ńlá Olóyè, ó sì dábùú ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀ síbẹ̀. Bàálù ò lè rọra sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń ṣe ní Ìlọrin. Ó ní láti fò kọjá lórí àpáta ná, kó wá dorí kọ ilẹ̀ lójijì, kó sì já sórí ọ̀dà tí Olóyè tẹ́ fún un nínú oko kí ọ̀dà tó tán. Ẹni tó bá jókòó sókè níbẹ̀ á rí ilà ara táyà rẹ̀.

Oko kaṣú Ràmọ́nì ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Olóyè fi ìwé ayédèrú gbà á lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn, ó fi wáyà yí i ká, ó sì dí ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ejò bu Fàtímọ̀ ìyàwó Ràmọ́nì jẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní Olóyè ò tíì pàṣẹ pé kí àwọn ṣí géètì. Ràmọ́nì gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gba ẹ̀yìn àpáta yí po. Fàtímọ̀ kú kí wọ́n tó dé títì.

Láti ìgbà náà, bí Ràmọ́nì bá ti gbọ́ ìró bàálù, ẹ̀yìn ló ń kọ sí i. Òyìnbó kan ló ń wà á nígbà yẹn. Ìgbà tí òyìnbó lọ, tí Olóyè gba awakọ̀ mìíràn, ni Ràmọ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta. Á wẹ̀, á wọ jàlàbíà funfun, á tẹ́ ẹní. Bí awakọ̀ tuntun yìí bá dé orí àpáta, á dẹ apá bàálù kan sílẹ̀ díẹ̀. Ràmọ́nì á tẹjú mọ́ ọn títí táyà á fi kan ilẹ̀, á ní “Alihamudulilahi,” á sì ká ẹní rẹ̀.

Muhydeen, àgbẹ̀ tí Olóyè gba ilẹ̀ tirẹ̀ náà, ò lè pa á mọ́ra.

“Bàbá Sodiqat, ẹni tó pa yín lẹ́kún ló gúnlẹ̀ láyọ̀, ẹ̀yin lẹ wá ń dúpẹ́?”

“Muhydeen, jẹ́ n wò ó.”

Ní oṣù kọkànlá, rédíò kéde pé ọlọ́pàá ń wá Olóyè. Àwọn kan nínú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti yìnbọn pa àgbẹ̀ méjì, wọ́n sì ti jẹ́wọ́ pé òun ló rán àwọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a l'Ékòó, wọn ò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Jẹ́ẹ́dé tó ń ṣọ́ géètì oko tú àṣírí fún Muhydeen: Olóyè ń bọ̀ kó tó di àkókò ìrun Jímọ̀. Jíìpù méjì tí yóò gbé e gba Ṣakí kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti wà lórí ọ̀dà.

Muhydeen ru ògbólógbòó táyà mẹ́ta àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù gun àpáta. Ó bá Ràmọ́nì lórí ẹní.

“Bó bá fi lè balẹ̀, ó lọ nìyẹn, a ò rí i mọ́ láé. Èéfín dúdú ni n ó fi bò ó lójú.”

“Awakọ̀ ńkọ́?”

“Ẹni tó ń gbé ìkà kiri, ìkà lòun náà.”

Ràmọ́nì dìde, ó lọ jókòó sórí àwọn táyà náà. Muhydeen tì í, kò mira. Ó fẹ́ ṣá iná, Ràmọ́nì já ìṣáná gbà, ó jù ú sísàlẹ̀ àpáta.

“Fàtímọ̀ ń wò yín o!” Omi ti lé sójú Muhydeen.

“Mo mọ̀ pé ó ń wò mí.”

Wọ́n gbọ́ ìró bàálù. Ó yọ láti apá gúúsù, ó dé orí àpáta, ó dẹ apá kan sílẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ tẹ koríko lórí ba, Muhydeen dojú bolẹ̀. Bàálù dorí kọ ilẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń ṣílẹ̀kùn jíìpù. Ó ku díẹ̀ kí táyà kan ọ̀dà ni imú bàálù gbé sókè, ìró rẹ̀ le sí i, ó yí po lórí oko, ó sì forí lé ìlà oòrùn.

“Kí ló dé tí kò balẹ̀?” Muhydeen bèèrè.

Ràmọ́nì wo bàálù náà títí kò fi rí i mọ́, lẹ́yìn náà ló forí kanlẹ̀.

Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí bàálù náà fi balẹ̀ ní Ìlọrin láàárín àwọn ọlọ́pàá tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí láti òwúrọ̀, awakọ̀ náà sì yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Olóyè, láti oṣù kejì tí mo ti ń gbé yín, ẹ ò bi mí ní orúkọ rí: Sodiqat ni, ọmọ Ràmọ́nì àti Fàtímọ̀, ará Tẹ̀dé.”