Orúkọ Tó Wà Nínú Orin

"Wọn ò tíì bí olè tó máa jí iṣẹ́ èmi Akínkúnmi gbé!"

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì fi dìde níwájú ìjọ ní ìlú Aládé, nítòsí Òkè Ìdànrè. Ó ní òun lòun fi ìṣirò ìgbì ohùn kọ orin dùùrù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán.

Omijé lé ròrò sójú Akínkúnmi.

"Prof, ẹ dalẹ̀ mi! Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gbé e fún yín pé kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò! Orúkọ ẹni tó ni ín wà ní ìpamọ́ nínú orin yẹn. Iye àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí i, kí gbogbo ayé rí i!"

Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́tà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lára ògiri.

C. A. T. H. E...

Gbogbo ojú yí sí Catherine, àbúrò Akínkúnmi, tó jókòó ti ìyá wọn.

"Bùọ̀dá mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ẹ ní kí n fi orúkọ yín pamọ́ sí i. Ẹ ò sì ṣí i wò rí."

Prof bú sẹ́rìn-ín. Akínkúnmi ń wá ilẹ̀kùn.

Ìyá wọn rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Orin náà ò tiẹ̀ dùn."