Òmìrán Ara Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọba Edward ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹ̀sìn ti dọ̀tun, kí a fi ẹfun kun gbogbo àwòrán ẹni mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì pa. Bí àwọn aṣojú ọba bá rí ojú kan lára ògiri wa láàárọ̀ ọ̀la, ẹ̀wọ̀n ni fún èmi àti Wọ́tì ọ̀rẹ́ mi. Òmìrán kan tó gbé ọmọ léjìká ló kù. Imú rẹ̀ nìkan tó ahéré!

Ẹfun tútù kì í bo nǹkan, àfi tó bá gbẹ. A kùn ún, ó gbẹ, òmìrán ṣì ń wò wá. A tún un kùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹfun tí a lò tó sọ òkun di wàrà.

"Wọ́tì, ṣé o po ẹfun yìí dáadáa ṣá?"

"Ọ̀lẹ! Ìwọ kùn ún dáadáa ná!"

Inú bí mi, mo ju búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ògiri. "Bàbá, tí ẹ ò bá fẹ́ ẹfun, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ máa lọ!"

Lójijì, ògiri funfun báláú. A gbọ́ tí nǹkan ń kán tó, tó, tó lẹ́yìn wa. Ẹnì kan tí ẹfun ń ro lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí orí ọmọ èjìká rẹ̀ má bàa gbá àtẹ́rígbà, ó sì bọ́ sínú òkùnkùn. Ọmọ náà nìkan ló wẹ̀yìn wò wá.