Ẹ̀rọ Tí Ọ̀gá Gbé Pamọ́ Sáàárín Òdòdó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fo ìlà kankan. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, torí ó kan gbogbo ẹni tó ń mí.

1.
Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba, Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé sí oríta wọn eruku inú afẹ́fẹ́, èyí tó kúnná débi pé ojú ò rí i, tó ń bá èémí wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀gá ẹ̀ ńkọ́? Pátápátá ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kì í ṣèlérí ààbọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kéde iye tí eruku náà gbọ́dọ̀ dín kù, Oníwọ̀n ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dín ìdá kan nínú márùn-ún lọ́dún yìí. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí iléeṣẹ́ bíríkì. Ìyẹn, apá wa ká a."

"Ìdá kan? Ta ló máa yìn wá fún ìdá kan? Kọ ọ́ sílẹ̀: lọ́dún kan, ó máa tán pátápátá!"

2.
Oṣù mẹ́wàá kọjá. Gbogbo ọ́fíìsì ti mọ̀ pé ìlérí yẹn ò lè ṣẹ, nítorí náà kò sẹ́ni tó tiẹ̀ gbìyànjú. Èéfín bíríkì ń rú lọ ràì.

"Gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò ní oríta," ni ọ̀gá wí. "Gbé e sínú ọgbà òdòdó ẹ̀yìn ọ́fíìsì."

"Sà, àwọn èèyàn ò gbé inú ọgbà."

"Ṣé iṣẹ́ ti sú ẹ ni?"

Oníwọ̀n wò ó lójú tààrà. "Ẹ lé mi. Ọwọ́ mi yìí ò ní gbé e."

Wọ́n lé e lóòótọ́. Ọ̀gá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà.

3.
Nọ́ńbà já wálẹ̀. Ọ̀gá bọ́ sórí rédíò: "Afẹ́fẹ́ ti mọ́!"

Oníwọ̀n ò jókòó sílé sunkún. Ó mú ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ lọ sí oríta lójoojúmọ́, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà gidi àti "Ẹ má jáde síta" sára pátákó. Ọlọ́pàá nù ún. Ó tún un kọ.

Ìyá ọ̀gá, tí kì í lè mí dáadáa, ń gbé nítòsí iléeṣẹ́ bíríkì. Ó gbọ́ rédíò, ó gbé àga síta láti gba afẹ́fẹ́.

Aládùúgbò ẹ̀ ní, "Màmá, pátákó ní ká má jáde o."

"Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀ ní rédíò. Kò lè purọ́ fún mi."

Ọjọ́ kẹta, èémí há mọ́ màmá láyà. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

4.
Ìjọba ṣèwádìí, wọ́n sì bá ẹ̀rọ láàárín òdòdó. Ọ̀gá pàdánù iṣẹ́, ó pàdánù ìyá. Títí dòní, kò lè wo ojú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe Oníwọ̀n padà, ó ní, "Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ni mo máa kọ, ẹ ó sì buwọ́ lù ú kí n tó jókòó."

Wọ́n buwọ́ lù ú.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ ṣèlérí èyí tápá yín ká, kẹ́ ẹ sì mú un ṣẹ. Ẹ̀yin ará ìlú, bí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ ti mọ́, ẹ má dákẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ti wọ̀n ọ́n? Bí wọ́n bá bínú, ẹ tún bi wọ́n.