Ohùn Kejì Nínú Yàrá Màmá

Láti àárọ̀ ni ìyá mi, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹkúntẹkún, n kò sì gbọ́ ọ. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ ohùn gbogbo èèyàn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀! Mo gbé fóònù mi, tí ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, sí wọn lẹ́nu, kò kọ nǹkan kan. Mo yá ti aládùúgbò, òfo ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo tan fóònù bàbá mi olóògbé. Màmá ti pa ẹnu dé. Síbẹ̀, fóònù náà kọ ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀:

"Ohùn kejì: Àwẹ̀ró, ìyá rẹ ní kí n wá jókòó."

Bàbá nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí.

Màmá, tí wọn ò lè dá yíra padà, rọra sún, wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.