Aṣọ Funfun fún Fọ́tò

"Ní gbogbo Ẹdẹ yìí, kò sí ojú tó mọ kámẹ́rà tó tèmi!"

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọṣẹ́ fọ́tò kan ń fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Salman tó ń ta kámẹ́rà. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí wúwo jù, tọ̀hún ojú rẹ̀ ti ṣú.

"Kámẹ́rà lò ń yàn ni àbí ìyàwó?" Bàbá Salman bi í.

"Ìyá mi ni mo máa kọ́kọ́ yà. Ara wọn ò yá, àmọ́ mo ní kí wọ́n wọ funfun dè mí."

Fóònù dún. Labeebah, àbúrò rẹ̀, ni. Ohùn rẹ̀ ti ha.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti wẹ ìyá. Aṣọ funfun ti wà lára wọn. Ẹ̀yin nìkan là ń dúró dè."

"Mo ti rí kámẹ́rà! Sọ fún wọn kí wọ́n má mira o, kí fọ́tò má baà bàjẹ́!"

"Wọn ò lè mira mọ́."