Orúkọ tí Sidonie Pa Rẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí ọmọ ọlọ́mọ ló forí fá a.

1.
Sidonie ni dìrẹ́tírìsì, ìyẹn ọ̀gá, ilé ìwé kékeré kan lọ́nà Odomèta lápá Kétou. Carine ni akọ̀wé rẹ̀. Sidonie fi ọdún mẹ́jọ ju Carine lọ, ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkọ àwọn méjèèjì, Carine ló sì kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Ẹ mọ bó ṣe rí nílé wa: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀. Níléèwé, Carine á dìde kí ọ̀gá rẹ̀. Tí wọ́n bá délé, ọ̀gá á kúnlẹ̀ kí ìyálé. Ó ń dun Sidonie dé egungun.

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ Carine lọ sí Pobè, ó ní, "Màdáàmù, ẹ kọ kóòdù yìí sílẹ̀. Òun ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà."

"Lẹ́tà mẹ́jọ ni orí mi ò ní lè gbà? Máa lọ jàre!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Orí ọ̀gá ti gbàgbé.

2.
Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Fidèle àgbẹ̀ wọlé. Ọmọ rẹ̀ ni Prisca, tó fẹ́ ṣe ìdánwò sẹtifíkà, èyí tí wọ́n fi ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ àti ìwé ìbí wọn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ kó tó di ọ̀sán Ẹtì.

"Màdáàmù, Prisca ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí kò bá jókòó ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, mi ò ní rán an níléèwé mọ́. Gàrí ló ń dúró dè é. Ìwé ìbí rẹ̀ sì ti bá ahéré mi jóná. Ọpẹ́lọpẹ́ Carine tó ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ẹ̀rọ yín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Prisca. Ó wà nínú ẹ̀rọ. Mo fi orí mi dúró."

3.
Fidèle ò tíì kúrò lójú ọ̀nà tí Sidonie fi jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó tẹ kóòdù. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tẹ òmíràn. Ó kọ̀.

Latifou, olùkọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ní, "Ẹ ṣáà pe Carine."

"Kí n pe ta ni? Kó lè máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nínú agbo ilé? Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ fún un lójoojúmọ́!"

Géraud, atúnkọ̀ǹpútà-ṣe láti Kétou, ló ránṣẹ́ pè. Géraud dé lọ́jọ́rú, ó wá ọgbọ́n ẹ̀yìn dá a, ó ṣí kọ́ńtì tuntun, ìyẹn àyè tí èèyàn ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, tó ń jẹ́ orúkọ Sidonie.

"Màdáàmù, ẹ ti lè wọlé báyìí. Ṣùgbọ́n kọ́ńtì alábòójútó tí Carine ń lò ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni ẹrù yín wà. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Díìsìkì tí n ó fi kó o wà nílé. Lọ́la a ó kó ẹrù jáde, ká tó yọ kọ́ńtì náà."

"Mo gbọ́."

Kò gbọ́ nǹkan kan.

4.
Bí alùpùpù Géraud ṣe lọ tán, Sidonie wo ojú ẹ̀rọ. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: Carine lókè, Sidonie nísàlẹ̀.

"Àní lórí ẹ̀rọ náà! Òun ló tún wà lókè mi!"

Ẹ gbà mí! Ṣé ẹ̀rọ mọ ìyálé ni? Ó wá fídíò kan lórí tẹlifóònù tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń yọ kọ́ńtì alábòójútó. Ó ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ béèrè lédè Faransé pé: ká tọ́jú àwọn ìwé inú rẹ̀, àbí ká pa wọ́n rẹ́?

Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìwé ti Carine ni wọ́n ń wí, pé tiléèwé á wà níkùn ẹ̀rọ níbòmíì. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kó pa wọ́n rẹ́.

Orúkọ Carine pòórá. Sidonie rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ wá àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ. Kò rí i. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì.

5.
"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Géraud bú mọ́ Sidonie ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀. "Màdáàmù, kọ́ńtì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Yàrá ni! Ẹ ti wó yàrá pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀!"

Ó gbìyànjú títí di ọ̀sán, kò rí ohun kan mú jáde. Ìgbà yẹn ni Sidonie tó pe Carine ní Pobè.

"Ìyàwó," Carine ní, "mi ò mú ìwé kankan dání; ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má mú tiléèwé jáde. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ṣé wọ́n ń kúnlẹ̀ lórí tẹlifóònù ni?"

Sidonie pa tẹlifóònù. Òun àti Latifou gun alùpùpù wọ ọ̀nà oko, láti ahéré dé ahéré, wọ́n ń gba ìwé ìbí padà lọ́wọ́ àwọn òbí. Wọ́n rí ti gbogbo ọmọ. Ó ku ti Prisca. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe òmíràn, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọ́n fi orúkọ àwọn tó kù ránṣẹ́. Ọ̀sán Ẹtì kọjá láìsí ti Prisca níbẹ̀.

6.
Ní Ajé, Prisca dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. "Màdáàmù, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Tèmi dà?"

Fidèle tó dúró lẹ́yìn ọmọ náà ò pariwo. Ó gba báàgì ìwé léjìká ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ní ẹ fi orí yín dúró, Màdáàmù. Orí ọmọ mi lẹ fi san án."

Ìdí ààrò gàrí ni Prisca wà títí di òní. Tí Sidonie bá ń kọjá, ọmọ náà ṣì máa ń kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí wọ́n fi nǹkan ọlọ́mọ sí lọ́wọ́, ẹ kọ kóòdù yín sílẹ̀. Ẹ má yọ kọ́ńtì kankan láìkọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ jáde. Tí ẹ bá sì gbàgbé, ẹ béèrè, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ọmọdé, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ìyálé. Ojú tó tì yín lónìí á kúrò lọ́la, ṣùgbọ́n ọdún ọmọ kì í padà wá. Abéèrè kì í ṣìnà. Aláìbéèrè ní ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.